Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì mi ṣe, ó nọ́ọ̀kì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ta ló yẹ kó san owó rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iléṣà ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ọkọ̀ mi gbóná kọjá ààlà lójú ọ̀nà, mo sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tó tà á fún mi ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí pé wọ́n ní mẹkáníìkì tiwọn. Wọ́n ní gáskẹ́ẹ̀tì òkè ló jó, pé àwọn yóò sì bá mi dí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò nísàlẹ̀. Mo san ₦420,000, wọ́n fún mi ní rìsíìtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo ṣe ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀, iná ọ́ìlì pupa tàn nítòsí Òṣú, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́ọ́kọ́ọ́. Mo pa á lójú ẹsẹ̀, a sì wọ́ ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ wọn. Ní báyìí wọ́n ní ó ti nọ́ọ̀kì, pé èmi ni mo wà á láìsí ọ́ìlì, kí n lọ wá mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà fún ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, kí n sì wá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n lè tú èyí tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ní àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìdààmú. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn yín. Inú ẹ́ńjìnnì yẹn ni ẹ̀rí wà, ẹni tó bá sì dá tú u láìsí ẹlẹ́rìí ni yóò máa sọ ohun tó bá wù ú nípa ohun tó bá níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú u, tí wọ́n fi pẹtiróòlù fọ irin rẹ̀, tí wọ́n sì da ọ́ìlì rẹ̀ nù, kò sí lọ́yà, kò sí àjọ ìjọba, kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ tó lè fi ìdánilójú sọ mọ́ bóyá iṣẹ́ wọn ló bà á jẹ́ tàbí ìwakọ̀ yín. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí i nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dé ìdí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń fẹ́ gbọ́ ọ, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì fi ṣiṣẹ́ ń ba ohun tó kù jẹ́.

Lónìí gan-an, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti déètì sára èkejì fún yín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp tí wọ́n fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní láti ju báyìí lọ: “Mo gbé ọkọ̀ mi wá fún àtúnṣe ní ọjọ́ báyìí, mo sì san ₦420,000. Ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà ní ọjọ́ báyìí, ó sì wà lọ́dọ̀ yín báyìí. N kò tíì gbà pé kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo fẹ́ kí a tú u níṣojú mi àti níṣojú ẹlẹ́rìí tí mo bá mú wá, ní ọjọ́ tí a bá jọ fẹnu kò sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, ẹ má sì sọ ẹ̀yà kankan nínú rẹ̀ nù.” Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà náà. Ẹ má sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ba ọkọ̀ yín jẹ́, nítorí pé ẹ kò tíì mọ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín ni pé ẹ wa ọkọ̀ láìsí ọ́ìlì. Iná pupa tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò fi dandan sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tí a ń wà, iná yẹn kì í wọn bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì lọ sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì ló ń wọ̀n. Ọ́ìlì lè kún dé àmì òkè lára ọ̀pá géèjì, kí iná náà sì tàn síbẹ̀, bí ohun kan bá dí ọ̀nà tí pọ́ǹpù ti ń fà á. Ó sì lè jẹ́ pé ọ́ìlì ti gbẹ lóòótọ́. Ọ̀pá géèjì ni yóò kọ́kọ́ la ìjà yìí. Ṣé ẹ fà á yọ wò ní Òṣú lọ́jọ́ náà, tàbí awakọ̀ tó wá wọ́ yín wò ó? Bí ẹnikẹ́ni bá ya fọ́tò, ẹ wá a jáde kíákíá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Bí kò bá sí, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́la, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà sínú, ẹ tún fà á yọ, kí ẹ sì ya fídíò gbogbo rẹ̀ láìdá a dúró, láti ara nọ́ńbà ọkọ̀ títí dé orí ọ̀pá náà. Ẹ ya fọ́tò máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Fún èyí, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn nìkan, láìṣáná sí i. Alátakò lè sọ pé ẹnì kan ló bu ọ́ìlì kún un lẹ́yìn tí ó dé, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi falẹ̀.

Ohun kan wà nínú àlàyé yín tó mú mi fura. Ẹ ní wọ́n dí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò nísàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, pé wọ́n sọ abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní oil sump, wọ́n sì dá a padà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, kò sí gáskẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Ìlànà àwọn tó ṣe ọkọ̀ ni pé kí a họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, kí a fọ ọ̀rá kúrò lójú irin méjèèjì, kí a fa ìlà gọ́ọ̀mù tín-ín-rín kan yípo etí abọ́ náà, kí a sì fún un láàyè láti gan kí a tó bu ọ́ìlì sí i. Ohun tí ojú ń rí ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń pa gọ́ọ̀mù sí i bí ẹni ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì, nítorí wọ́n gbà pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni kò ní jò mọ́. Bí wọ́n bá ti de àwọn bóòtù, àpọ̀jù gọ́ọ̀mù á yọ sóde. Ẹ ó rí ìyẹn. Bí ó ṣe yọ sóde náà ló ń yọ sínú, ẹ kò sì ní rí tinú. Ọ́ìlì gbígbóná á máa já a díẹ̀díẹ̀, àjákù rẹ̀ á sì lọ há sójú asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì.

Bí asẹ́ yẹn bá ti dí, pọ́ǹpù á máa yí lásán. Àwọn bẹ́árìn tó wà láàárín kíráǹkì, ìyẹn irin gígùn tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àti ọ̀pá písítọ̀nù wà lára ohun tó ń tètè jìyà, nítorí pé ọ́ìlì tín-ín-rín tó ń kọjá láàárín wọn nìkan ni kò jẹ́ kí irin kan irin. Tí ọ́ìlì bá ti ṣẹ́ níbẹ̀, irin á máa ha irin, àlàfo á là, ọ̀pá písítọ̀nù á sì máa gbá kíráǹkì ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Kọ́ọ́kọ́ọ́ tí ẹ gbọ́ ní Òṣú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kò ta ko èrò yìí, torí pé gọ́ọ̀mù kì í já lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ jẹ́ a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Ọkọ̀ yín ti gbóná kọjá ààlà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ó sì ṣeé ṣe kí ooru yẹn ti kó bá bẹ́árìn ṣáájú. Bí ẹ kì í bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ọ̀rá dúdú tó ki á ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ abọ́, òun náà sì lè dí asẹ́ kan náà. Bí gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n fi sókè kò bá sì dì dáadáa, omi rédíétọ̀ lè dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, kí ó sọ ọ́ di àwọ̀ mílíìkì, kí ó má lè dáàbò bo bẹ́árìn mọ́. Nínú ìdí wọ̀nyí, méjì kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìgbà tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rìsíìtì rẹ̀ jáde bí ó bá wà.

Ọjọ́ tí ẹ ó bá tú u, ẹni tí ẹ mú dání ṣe pàtàkì ju ariwo tí ẹ bá pa lọ. Kí ó má jẹ́ ìbátan yín, kí ó má sì jẹ́ mẹkáníìkì tó ń retí pé òun ni ẹ ó gbé iṣẹ́ náà fún, torí ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀wọ̀n lójú ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn olórí NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, ní Iléṣà tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n yan àgbà mẹkáníìkì kan fún yín. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹkáníìkà tún wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ onímọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀ tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ yóò wúlò púpọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ ohun tó rí sí ojú ìwé kan, kí ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tiwọn ṣe títú náà fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹlẹ́rìí yín ló fi nǹkan síbẹ̀. Kí wọ́n gba ọ́ìlì sínú ọpọ́n mímọ́, kí ẹ wọn iye rẹ̀, kí ẹ sì bu díẹ̀ sínú ìgò tí ẹ ó dí pa, tí gbogbo yín yóò fọwọ́ sí bébà ara rẹ̀. Fíltà ọ́ìlì ni kí wọ́n fi ayùn rẹ́ tẹ̀ lé e, kí wọ́n tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú oòrùn. Bí bẹ́árìn bá ti jẹ, ẹ ó rí àwọn èérún irin tó ń dán láàárín ìṣẹ́po bébà náà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n sọ abọ́ ìsàlẹ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àkísà kàn án kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ ya inú abọ́ náà, ẹ ya etí rẹ̀, ẹ wá sún mọ́ asẹ́, kí ẹ fi rúlà tàbí owó bébà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè mọ bí ó ṣe tóbi tó.

Bí gọ́ọ̀mù bá wà lójú asẹ́ náà, kò ní ṣòro láti dá a mọ̀. Bí ẹ bá fi ìka méjì mú àjákù rẹ̀, ó máa ń fà, tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á padà sí bó ṣe wà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó yọ sóde ní etí abọ́. Bí àwọ̀ àti bó ṣe ń fà bá dọ́gba, a jẹ́ pé ara ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀rá dúdú àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: kì í fà, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́ tàbí kí ó pa yín lọ́wọ́. Lójú tèmi, orí ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yín dúró sí. Bí wọ́n bá rí gọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ní ti mẹkáníìkì mìíràn tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, ẹ béèrè ìdí tí wọn kò fi fọ asẹ́ náà nígbà tí abọ́ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ béèrè nípa iṣẹ́ òkè náà. Níbo ni wọ́n ti yẹ orí ẹ́ńjìnnì wò bóyá ooru ti tẹ̀ ẹ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kì í gbà kí ó wọ́ ju nǹkan bíi 0.05 sí 0.1 mílímítà lọ, ojú lásán kò sì lè rí ìyẹn. Ṣé wọ́n ra bóòtù orí tuntun? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bóòtù yẹn máa ń nà nígbà tí a bá dè é, wọn kì í sì í lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn wọn sí ìbéèrè méjèèjì yìí yóò jẹ́ kí ẹ mọ irú ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ náà.

Ní ti òfin, ẹ kò dá wà. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, sọ ní abala 130 pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn retí, àti pé nǹkan ìní rẹ̀ tí ó gbé sílẹ̀ fún iṣẹ́ kò gbọdọ̀ padà sí i lọ́wọ́ ní ipò tó burú ju bí ó ṣe gbé e wá lọ. Bí iṣẹ́ náà bá kù díẹ̀ káàtó, oníbàárà lè ní kí wọ́n ṣe àtúnṣe àléébù rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n tó tọ́ padà nínú owó tó san. Bí wọ́n bá nawọ́ sí pátákó tí wọ́n kọ “ẹ gbé ọkọ̀ síbí, ewu dọwọ́ yín” sí, ẹ mọ̀ pé òfin kan náà kò fàyè gba àdéhùn tí oníṣòwò fi ń yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àdánù tí àìbìkítà ńlá tirẹ̀ fà. Rìsíìtì tí wọ́n fún yín ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá kọ “àtúnṣe ẹ́ńjìnnì” lásán, ẹ ní kí wọ́n kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n rà, pàápàá ọ̀rọ̀ abọ́ ìsàlẹ̀ yẹn.

Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé kí wọ́n fi ti àgọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ ni èyí, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì sọ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ síbẹ̀ láti fi dẹ́rù ba ẹni tó jẹ wọ́n. Ohun tó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ẹ ó náwó, àwọn náà yóò náwó, ẹ́ńjìnnì yóò sì wà níbi tó wà.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ẹ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u, pẹ̀lú ìwé ẹlẹ́rìí yín lọ́wọ́. Ẹ mú àgbà kan dání tí ọ̀gá náà kò lè fojú di, àmọ́ kí ó má jẹ́ irú àgbà tí yóò ní kí ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é kí ẹ máa lọ ilé. Bí gọ́ọ̀mù wọn bá wà lójú asẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé gbogbo ìnáwó àtúnṣe rù, títí kan owó tí ẹ fi wọ́ ọkọ̀ láti Òṣú. Bí ọ̀rá àtijọ́ nìkan bá ni, ẹ̀yin lẹ ó ru èyí tó pọ̀ jù, ẹ má sì bá wọn jà lórí rẹ̀. Bí méjèèjì bá wà níbẹ̀, pípín in ló bójú mu, ohunkóhun tí ẹ bá sì fẹnu kò sí, kí ó di àkọsílẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Bí wọ́n bá kọ etí dídi sí yín, ẹ fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá. Ó ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà, rìsíìtì, fọ́tò àti ìwé ẹlẹ́rìí ni kí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ sì lè jẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí wọn, kí ó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ó bá di ti kóòtù, Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ ti ṣe àdéhùn, ibẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ wà, nítorí náà kóòtù Májísíréètì ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kí lọ́yà kọ́kọ́ rò. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ àfi tí ẹ bá san owó ìgbọ́kọ̀sí, ẹ béèrè ibi tí ẹ ti jọ fọwọ́ sí i. Mẹkáníìkì lè di ọkọ̀ mú nítorí owó iṣẹ́ tí a jọ fẹnu kò sí tí a kò tíì san. Ẹ̀yin ti san tiyín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ẹ má tètè gbà á, kódà bí àwọn ni yóò san án. Bí kíráǹkì kò bá tíì bàjẹ́ jù, ilé iṣẹ́ tó ń rẹ́ irin lè rẹ́ ojú rẹ̀, kí wọ́n sì fi bẹ́árìn tó nípọn sí i, ti 0.25 mílímítà, sí i. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe lò ó lókè òkun. Bí ó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ náà ni yóò jẹ́, kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan níṣojú yín kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí wọ́n sì kọ iye oṣù tí wọn yóò fi dúró lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ gba ìwé rírà rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, bá dá yín dúró, nọ́ńbà ara irin kò ní bá ti inú ìwé mu. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sì rèé, tiyín ni. Orí rẹ̀, bulọ́ọ̀kù rẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà tó ṣì dára lára rẹ̀ ń mú owó wá lọ́jà. Kí wọ́n gbé e fún yín, tàbí kí wọ́n yọ iye rẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ san.